Wọn Ò Gbọdọ̀ Fọ Ohùn Yẹn

Ìlerò,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun alásárì.

Ọmọ mi Ọmọ́wùmí,

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ, kí Ó ṣọ́ ọkọ rẹ, kí Ó ṣọ́ Àpọ́nlé ọmọ mi tí ẹ̀yin ń pè ní Treasure. Ṣé ara yín le? Ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa, ṣé ó ti ń jókòó? Èkó tí ẹ wà kò ní gbé yín mì, ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde láàárọ̀ ni ẹ ó gbà wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ẹ kò ní ṣe kòńgẹ́ aburú. Bí ẹ bá bèèrè wa, a kò kú, a kò sì tíì yè tán, àárín méjèèjì ni a wà, Ọlọ́hun tí ó mú wa débẹ̀ ni yóò mú wa kúrò níbẹ̀.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, ní ayé tí kò sí ẹni tí ń kọ lẹ́tà mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti yọ gògóńgò mi, ọ̀rọ̀ fóònù ti tán láàárín wa. Títẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sì rèé, mo ti gbìyànjú rẹ̀, lẹ́tà orí fóònù kéré jù fún ìka mi, bí mo bá tẹ ọ̀kan, mẹ́ta a jáde, fóònù náà a sì tún ọ̀rọ̀ mi ṣe sí ohun tí n kò ní lọ́kàn, bí ẹni pé òun ló bí ọ. Tíṣà Peter tí ó gba yàrá ní ilé wa ní kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ sára síléètì, òun yóò bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi rán ẹlòmíràn. Ìwé mẹ́fà tí bàbá mi fi dandan rán mi kà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ oko, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò di ẹnu fún mi. Gbọ́láhàn tí ń fi mọ́tò kó iṣu lọ sí Èkó ni yóò mú lẹ́tà náà wá bá ọ. Jọ̀wọ́, má kà á lójú ọ̀nà, délé kí o tó kà á.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òjò pẹ́ kí ó tó rọ̀ lọ́dún yìí, nígbà tí yóò sì rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló da ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbá èbù lọ lórí ebè, bàbá rẹ tún ń gbin òmíràn. Ewúrẹ́ abilà yẹn kú sórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alásàlátù ti yan akọ̀wé mìíràn dípò mi, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ní kí n lọ sinmi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé akọ̀wé tí kò lè ka ohun tí ó kọ jáde fún ẹgbẹ́ gbọ́ kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Gàrí pẹ̀lú, n kò yan án mọ́. Ihò tí wọ́n dá sí mi lọ́rùn ni mo fi ń mí, kò sì ní irun bíi ti imú tí yóò dá èéfín dúró. Mo fi aṣọ funfun bò ó, mo ń fọ aṣọ náà ní àárọ̀, mo ń fọ̀ ọ́ ní alẹ́. Àwọn tí ó ń wá kí mi pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí ó wà nílé òkú, àwọn kan a sì máa pariwo mọ́ mi bí ẹni pé etí mi ni wọ́n gé. Àwọn adìẹ mi nìkan ni kò yí padà pátápátá. Wọn kì í gbọ́ ìpè mi mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọn àgbàdo nínú àwo wọ́n ń bọ̀.

N kò sọ èyí fún ọ rí. Kí a tó kúrò ní ọsibítù, mo kọ ọ́ sínú ìwé fún dókítà pé níbo ni gògóńgò mi wà, pé ṣé mo lè gbé e lọ sílé, mo ní iyọ̀ nílé tí mo lè fi pa á mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ fún àwọn tí ń fi awò wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo tún kọ ọ́ pé ṣé wọ́n gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Ó dára. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó.

O rántí pé nígbà tí dókítà ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, pé bí wọn kò bá yọ ọ́ yóò pa mí, bí wọ́n bá sì yọ ọ́ ohùn mi yóò bá a lọ, ìwọ lo sọ pé kí a gba ohùn mi sílẹ̀ fún Àpọ́nlé kí ọjọ́ tó pé. O fi máíkì kan rán Gbọ́láhàn. Mo tú u nínú ọ̀rá, ohun dúdú bíńtín kan ni, fóòmù ni wọ́n fi wé e lórí bí ẹni wé láwàní, okùn rẹ̀ sì gùn bí èyí tí a fi ń so ewúrẹ́ tí ń jẹko. Mo ní ṣé nǹkan kékeré yìí ni yóò gba ohùn mi tán? Tíṣà Peter ní yóò gbà á. Ó gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ìbàdàn, ó gbé e sórí tábìlì tí ó wà lẹ́bàá ògiri, nítorí ibẹ̀ ni iná sólà wà, bátìrì lápútọ́ọ̀pù náà sì ti gbó, bí a bá yọ okùn iná rẹ̀ báyìí ó ti kú nìyẹn.

Ihò kan ṣoṣo ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ohùn. Mo bi Tíṣà léèrè pé èwo ni ó fi ń gbọ́, èwo ni ó fi ń sọ. Ó ní ihò kan náà ni. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo ní ẹ̀dá wo ni Ọlọ́hun dá tí ẹnu àti etí rẹ̀ jọ wà nínú ihò kan, bí ó bá ń gbọ́ lọ́wọ́ tí ó fẹ́ fèsì ńkọ́? Ó ní àwọn lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ ní ihò méjì, pé àwọn tuntun ni wọ́n dín kù sí ọ̀kan. Mo ní kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí wọ́n dín wa kù bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ jókòó níbẹ̀, ó ń gbọ́ wa.

Tíṣà ti ẹnu okùn máíkì bọ ihò náà, ó ní kí n jókòó sídìí tábìlì kí a kọ́kọ́ dán an wò. Mo ní Bísímílà, èmi Àdìjátù ni mo ń sọ̀rọ̀ láti Ìlerò. Ó yọ okùn náà, ó yí i padà, a gbọ́ ọ, ohùn mi jáde ketekete, ó sì tún ti okùn bọ ihò. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà ń ké, Tíṣà sì ní ariwo yẹn yóò bà á jẹ́, kí n wọ yàrá lọ, kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí n tilẹ̀kùn, okùn máíkì gùn tó láti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Òun fúnra rẹ̀ yóò jáde lọ bẹ ẹlẹ́rọ kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó sì lé àwọn ọmọdé jìnnà sí fèrèsé. Ó fi bàbá rẹ sídìí lápútọ́ọ̀pù. Ó fi ìlà kan hàn án tí ń fò sókè sódò bíi tata, ó ní bí ìlà náà bá dáwọ́ fífò dúró kí ó pe òun. Bàbá rẹ bi í pé bí òun bá wúkọ́ níbẹ̀ ńkọ́. Tíṣà ní kò sí ewu, pé ẹnu okùn tí ó wà lọ́wọ́ Màmá nìkan ni ó fi ń gbọ́, pé bí wọ́n tilẹ̀ ń lu ìlù lórí tábìlì yẹn kò ní gbọ́.

Fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kò purọ́. Bí ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ni mo bá wọ yàrá lọ, mo fi máíkì kọ́ ọrùn aṣọ, mo sì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oòrùn ṣì wà lára ògiri títí wọ́n fi ń pe ìrun mọ̀gàríbì. Ọ̀fun mi ń ta bí ẹni gbé ata mì, mo ń mu omi, mo ń sọ ọ́ lọ. Mo kí Àpọ́nlé. Mo sọ àwọn tí ó bí i fún un, tìyá tìbaba. Mo sọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ mi. Mo sọ bí ìwọ ìyá rẹ̀ ṣe jáde sáyé lójú ọ̀nà oko, tí a fi ewé bò ọ́ délé. Mo ki oríkì rẹ̀, mo kọ orin tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, mo ṣàdúà fún un láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹni ń di ẹrù fún ọmọ tí ń lọ ìrìnàjò ni mo ṣe ń wá inú mi, kí n má baà gbàgbé nǹkan kan. Nígbà tí mo jáde, bàbá rẹ wà níbi tí a fi í sí, ó tẹjú mọ́ lápútọ́ọ̀pù. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kò dáwọ́ fífò dúró. Ìyẹn nìkan ni ó sọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, o wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò mọ̀ pé mo rí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wá sí wọ́ọ̀dù tí ó ní fèrèsé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo ìta. Bàbá rẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń bó ẹ̀pà. Ìwọ jáde pẹ̀lú ẹkún. O ní Bàbá, láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ẹ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ kò sọ pé ó dùn yín, ẹ kò sọ pé kò dùn yín, oko lẹ ń lọ, oko lẹ ń bọ̀, ẹ̀pà sì lẹ jókòó tí ẹ ń jẹ níhìn-ín. O ní ṣé igi ni yín ni. Ó gbójú sókè wò ọ́. Ó bó ẹ̀pà kan, ó nawọ́ rẹ̀ sí ọ. O gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè nínú wọ́ọ̀dù, n kò ní ohùn tí mo lè fi pè yín, kò sì sí ẹni tí ó wo ọ̀dọ̀ mi. O padà sí Èkó láìdágbére fún un, láti ìgbà náà o kò sì tíì pè é. Kò bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn máa ń gbé fóònù rẹ̀ kọ́ra lọ oko báyìí, èyí tí kò jẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọmọ́wùmí, ẹ̀pà yẹn, ọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tí mo ti lè dìde jókòó dáadáa nílé, Tíṣà Peter gbé lápútọ́ọ̀pù wá kí èmi náà lè gbọ́ ohun tí mo sọ. Bàbá rẹ ti lọ oko. Ó tan án. Ohun tí mo gbọ́ bà mí lẹ́rù. Ohùn mi jìnnà réré, bí ohùn ẹni tí ó jìn sí kànga tí ń ké láti ìsàlẹ̀, n kò lè mú ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́wàá. Níwájú rẹ̀ sì rèé, bí ẹni pé ó wà létí mi gan-an, mo ń gbọ́ ẹnìkan tí ń mí, tí ń kùn. Ojú Tíṣà yí padà. Ó tún un tàn. Ó mú okùn máíkì, ó yí ẹnu rẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ fóònù rẹ̀ wò pẹ́, lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n dáríjì òun.

Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi nìyí, bí ó ti yé mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Irin tí ó wà lẹ́nu okùn wọ̀nyí máa ń ní ìlà dúdú lára, bí ìlà ojú àwọn àgbà. Èyí tí o rán wá, ìlà méjì ni wọ́n kọ fún un. Lápútọ́ọ̀pù oníhò kan bíi ti Tíṣà, onílà mẹ́ta ni ó máa ń gbà láyè láti sọ̀rọ̀ fún un. Onílà méjì tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́, ohun tí ó máa ń rò ni pé èyí tí àwọn ọmọ ń kì sétí gbọ́ orin ni, àlejò tí ó wá gbọ́rọ̀ ni, kì í ṣe ẹni tí ó wá sọ̀rọ̀. Nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú máíkì, lápútọ́ọ̀pù kò ka á sí. Etí tirẹ̀ tí wọ́n dá mọ́ ọn, ihò bí ojú abẹ́rẹ́ tí ó wà lókè ojú rẹ̀, ni ó fi ń gbọ́ ní pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi jáde ketekete nígbà tí mo jókòó sídìí tábìlì, a kò mọ̀ pé kì í ṣe máíkì ni a dán wò. Tíṣà ní okùn kékeré kan wà tí òun ì bá rà, ẹnu rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, ìdí rẹ̀ ní ihò méjì, wọ́n ya àwòrán máíkì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ya ti agbétí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò wọ́n rárá, ó wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìsẹ́yìn. Kò mọ̀. Mo kọ ọ́ sí síléètì pé kí ó dìde. N kò bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò jẹun lọ́jọ́ náà. Dókítà yọ ohùn mi lẹ́ẹ̀kan, lápútọ́ọ̀pù tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, èkejì yẹn ló dùn mí jù, nítorí wọn kò fún mi ní oògùn oorun kí wọ́n tó yọ ọ́.

Tíṣà fi í ránṣẹ́ sí ọ ní Èkó. Ó ní ó ti lọ. Mo ní bí ó bá ti lọ, báwo ni ó ṣe tún wà nínú lápútọ́ọ̀pù. Ó ní ó lọ, ó sì tún wà. N kò bá a jiyàn. Ní ọjọ́ kejì ó ka èsì rẹ fún mi, pé o mọ ọkùnrin kan ní Èkó tí ń fọ ohùn, pé yóò bá ọ fọ ariwo ẹni tí ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn kúrò pátápátá, yóò sì fa tèmi jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. O ní kí Màmá fọkàn balẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ìdọ̀tí ohùn ń fọ̀ bí ìdọ̀tí aṣọ.

Àná ni mo ní kí Tíṣà tún un tàn fún mi. Ó ní ilé ìwé ń dúró de òun, ó wá fi àwọn ohun bí kóró ẹ̀wà méjì kì mí sétí, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ láti ìta, kíkùn lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti wọ̀ mí létí, ti èmi tí mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn náà láti ìgbà ọ̀dọ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá rẹ ni. Kò mọ̀ pé lápútọ́ọ̀pù ń gbọ́ òun. Wọ́n ti sọ fún un pé kò lè gbọ́ òun.

Ó kọ́kọ́ ń lé adìẹ. Ó pẹ́ tí ó kàn ń mí. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ara mi lókèèrè tí mo ń sọ fún Àpọ́nlé pé ojú ọ̀nà odò ni bàbá rẹ ti rí mi, pé ó kí mi, n kò dáhùn. Ó ní irọ́ ni, n kò kí i. Ó ní ẹnu mi kò gbà á, orin ló ń kọ, mo dúró sẹ́yìn igi igbá títí orin náà fi tán. Ọmọ́wùmí, láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò sọ ọ̀rọ̀ igi igbá yẹn fún mi rí. Mo ń rò pé ó kí mi, pé èmi ni mo gbéra ga.

Nígbà tí mo dé orí oríkì ọmọ, mo gbọ́ ọ tí ó ń kì í tẹ̀lé mi, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé kéú tí ń kọ́ àkọ́sórí. Bí mo bá ní Àpọ́nlé, ọmọ a-kọ-ebè-gùn-bí-ọ̀nà-Ṣakí, òun náà á ní ọmọ a-kọ-ebè, á gbàgbé, á padà sẹ́yìn, á tún un bẹ̀rẹ̀. Èmi ti kọjá lọ, òun ṣì wà lórí ọ̀kan náà. Ó ń kọ́ ọ sórí kí ó má baà sọnù bí ohùn mi bá sọnù, òun tí kò ki ẹnikẹ́ni rí láyé.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí bá Ọlọ́hun sọ̀rọ̀. N kò ní fi tèmi kún un. Ó ní Ọlọ́hun Ọba, mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ni O fẹ́ gbà. N kò bá Ọ jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohùn ni O wá gbà nínú ilé yìí, tèmi ni kí O mú. Ó wà níbẹ̀. N kò kúkú ń lò ó.

Ó sunkún. N kò mọ bí ọkùnrin náà ṣe ń sunkún tẹ́lẹ̀, ó dà bí ẹni tí ó ń gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó wá pe orúkọ mi. Ìyá Ọmọ́wùmí ni ó ń pè mí láti ìgbà tí a ti bí ọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ó ní Àdìjátù. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Mo gbọ́ bí ó ṣe fọn imú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn yàrá sì dún, tí ó sì sọ fún mi pé kò dáwọ́ fífò dúró.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn. Lọ bá ọkùnrin tí ń fọ ohùn kí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá rí lẹ́tà yìí gbà. Wọn ò gbọdọ̀ fọ ohùn yẹn. Tíṣà ní bí wọ́n tilẹ̀ fọ èyí tí ó wà ní Èkó, èyí tí ó wà ní Ìlerò yóò ṣì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tíṣà náà ni ọ̀rọ̀ ìlà méjì ti wá, n kò lè fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àfi kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́ kí tèmi tó yọ, jẹ́ kí tèmi wà nínú kànga. Ìwọ ti gbọ́ ohùn mi láti ìgbà tí o ti wà nínú mi. Tirẹ̀, ta ló tíì gbọ́ ọ?

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ó mọ̀ pé a gbọ́. Ìtìjú yóò pa á, kò sì ní bá Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Ṣáà pè é. Kò ní sọ ju hùn-ún lọ, o mọ̀ ọ́n. Fi ara da hùn-ún náà.

Àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe kò pọ̀. Bí ọwọ́ bá dẹ̀ ọ́, fi owó díẹ̀ rán Gbọ́láhàn fún ọkọ̀ Ìbàdàn, dókítà fẹ́ tún ihò yẹn yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, n kò tíì sọ fún bàbá rẹ. Fi aṣọ funfun rírọ̀ kún un, èyí tí kì í yọ òwú. Bí ó bá sì kù, ra okùn kékeré oníhò méjì yẹn fún Tíṣà Peter, láti ọjọ́ náà orí rẹ̀ kò gbé sókè mọ́, kò sì fẹ́ gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Kí o rí i pé onílà mẹ́ta ni, kí ẹni tí ń tà á kà á lójú rẹ, kí ó ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Ọmọ mi, ohùn àdúà mi kò sí mọ́, ṣùgbọ́n Ẹni tí mo ń ṣe é sí kì í fi etí nìkan gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. O kò ní pe ẹni rere kí ó má dá ọ lóhùn. Àpọ́nlé yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sọ̀rọ̀ fún ọ, ìwọ náà yóò gbọ́ ọ. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ mi, wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àmín, láṣẹ Ọlọ́hun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdìjátù.

Bàbá rẹ ti oko dé bí mo ti ń pa lẹ́tà yìí dé. Ó bi mí pé ta ni mo ń kọ ọ́ sí, mo fi orúkọ rẹ hàn án, ó dá a mọ̀ bí kò tilẹ̀ mọ̀wé. Ó ní kí n kí ọ. Mo di bírò mú, mo ń dúró bóyá ó ní nǹkan tí yóò fi kún un. Ó ti lọ fọ ẹsẹ̀.